Àwòrán kókó iwájú ojú: ohun tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ ní Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ojú. Dókítà ló ń yẹ ojú wò, òun náà ló ń kọ ọ̀dónáǹsì, ìyẹn ìwé oògùn àti àyẹ̀wò. Èmi ni mo ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ nínú yàrá tí a ti fa aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, tí mo ń sọ pé, "Ẹ gbé àgbọ̀n yín síbí, ẹ fi iwájú orí ti irin yẹn, ẹ má ṣẹ́jú." Kí àwòrán tó jáde, ìbéèrè ti dé. Ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, á bèèrè, ará Kétu á bèèrè, ẹni tó ti Ṣábẹ wọ mọ́tò láti òru á bèèrè ju gbogbo wọn lọ, kò sì jẹ̀bi. Mo kó àwọn tó ń pọ̀ jù jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí ẹ bá kà níbí, ẹ mú un lọ bá dókítà yín, kí ẹ fi bi í léèrè.

Ẹran hù sí ojú mi, ó ń rìn bọ̀ lórí dúdú ojú. Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹran ojú lásán pọ̀ láàárín wa. Oòrùn, eruku àti afẹ́fẹ́ ń dá kún un: àgbẹ̀, àwọn tó ń wa zẹ́mìjàn (ọ̀kadà), àwọn ìyá tó ń jókòó sínú oòrùn lọ́jà Wàǹdó, gbogbo wọn ló ń gbé e wá. Apá imú ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó má tíì dé ọmọlójú.

Ohun tó ń jẹ́ ká fura ni pé jẹjẹrẹ awọ ojú náà fẹ́ràn ibì kan náà, ìyẹn etí ibi tí funfun ojú ti pàdé dúdú ojú, níbi tí ìpéǹpéjú kì í bò, tí oòrùn ń pa. Àwọn méjèèjì lè jọra débi pé dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán kí òun tó sọ̀rọ̀. Ẹ tètè wá bó bá ga sókè, tó ń dán bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bí nǹkan funfun bá lé e lórí bí ẹfun. Bí ara rẹ̀ bá rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá nà tààrà lọ bá a. Tàbí bó bá jẹ́ pé oṣù mélòó kan péré ló fi dàgbà. Ẹ kíyè sí ojú kejì pẹ̀lú. Ẹran ojú lásán sábà máa ń wà ní méjèèjì, jẹjẹrẹ sábà máa ń mú ojú kan ṣoṣo.

Kí ni ẹ tilẹ̀ ń pè ní iwájú ojú?

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú. Dígí ojú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òbìrìkìtì aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, èyí tí a ń pè ní dúdú ojú. Lẹ́yìn rẹ̀, òrùka ẹran kan wà tó fara pamọ́, òun ló ń sun omi tó wà nínú ojú. Kókó lè hù sí èyíkéyìí nínú wọn. Ti òrùka ẹ̀yìn yẹn ló burú jù láti mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí i, bó ti wù kó jẹ́ ògbóǹtarìgì tó.

Kí ló dé tí dókítà ò kàn gé e, kí wọ́n gbé e lọ sí labo, ìyẹn ilé àyẹ̀wò?

Ìyá kan láti Kétu ló bi mí báyìí, ó sì bínú díẹ̀: "Ẹ gé e! Ẹ gé e kí n máa lọ!" Mo ní, "Ìyá, bí wọ́n bá gé e bí ẹni gé ẹran ojú lásán, tó wá lọ jẹ́ ìkejì ńkọ́?"

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹran ojú, oníṣẹ́ abẹ á gbá a mú, á gé e mọ́ ara rẹ̀ tímọ́tímọ́. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kò gbọdọ̀ fi irin kan kókó náà rárá. Ṣe ni yóò fi ara tó dáa sílẹ̀ yí i ká, nǹkan bíi mílímítà 3 sí 4, kó gé gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì fi òtútù líle jó etí ojú ọgbẹ́ náà. Tí wọ́n bá gé jẹjẹrẹ bí ẹran ojú, ìyókù tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ á tún hù, a sì lè ti fi irin gbé e kiri ojú. Nítorí náà, ó yẹ ká ti mọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ kí ọ̀bẹ tó dé.

Ìdí kejì: ojú kì í ṣe itan. Ìwọ̀nba awọ ló wà níbẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n bá gé ló ń ní àpá. Tí kókó bá sì wà lára dúdú ojú, kí wọ́n tó mú ẹyọ bíńtín níbẹ̀, wọ́n ní láti la ojú fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìyẹn lórí ohun tí àwòrán lè fi hàn pé kò léwu.

Ìdí kẹta ni pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ awọ ojú ni wọ́n ń fi oògùn kíkán wò nísinsìnyí, láìgé e rárá. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, àwòrán ló máa sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣé òun náà ni OCT?

Rárá. OCT ni ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya inú awọ ojú. Èyí tí dókítà fi wò yín, tó ní iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń là gba ojú, làǹpù à fáǹtì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa níbí. Allvar Gullstrand, ará Swídìn, ló gbé e kalẹ̀ ní 1911, ọdún kan náà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Títí di òní, òun ni bàbá gbogbo wọn. Bí a bá so kámẹ́rà mọ́ ọn, fọ́tò tó dáa á jáde. A lè wọn ìbú kókó lórí fọ́tò yẹn, ká tọ́jú rẹ̀, ká tún fi wé ti oṣù mẹ́fà sí i. Àmọ́ òkè nìkan ló ń rí. Kò lè sọ bí kókó ṣe jìn tó.

Báwo ni OCT ṣe ń rí inú láìgé nǹkan kan?

Ó lè tètè yé ẹ̀yin ará Ṣábẹ ju gbogbo ènìyàn lọ. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ òkè àpáta yín, tó bá kígbe, ohùn rẹ̀ á lọ, á lu àpáta, á padà. Bí àpáta bá sún mọ́ ọn, ohùn á tètè dé. Bó bá jìnnà, ó di ìgbà díẹ̀. OCT ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí ló ń rán wọ ara ojú, ìpele kọ̀ọ̀kan tó bá sì kàn á dá díẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ wá yára jù ká fi aago ká a mọ́. Ẹ̀rọ náà á pín in sí méjì, á rán apá kan sí ojú yín, á rán apá kejì sí dígí kan tó ti mọ bó ṣe jìnnà tó, á wá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn nígbà tí wọ́n bá dé.

Ohun tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà jọ ìgbà tí ènìyàn la búrẹ́dì sí méjì tó wá ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀pá òkè, inú, ìsàlẹ̀. Ní 1991 ni àwọn tó ṣe é ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ̀yìn ojú ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1994 wọ́n lò ó fún iwájú ojú. Tí ẹ bá pín mílímítà kan sí 200, OCT tòde òní lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Kí ni ẹ ń wá nínú àwòrán náà?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù fún mi.

Ní ojú tó dáa, awọ òkè dígí ojú jẹ́ ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tó dọ́gba. Kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20 mílímítà. Mo máa ń fi ìka tẹ̀ lé e lójú kọ̀ǹpútà láti ọ̀tún lọ sí òsì. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ awọ ojú, ohun mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlà yẹn. Ó máa nípọn. Ó máa funfun yàtọ̀, bí ẹni pé wọ́n tan iná sínú rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró ni ìkẹta: ìyípadà náà máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì. Ìlà tó dáa ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ibì kan, ó yí padà ṣíún, bí ìgbà tí títì ọ̀dà já sí erùpẹ̀ láìsọ fún ọlọ́kọ̀.

Ẹran ojú lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ òkè rẹ̀ á ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, á sì wà létòlétò, bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ bo ẹrù lórí. Abẹ́ aṣọ yẹn ni nǹkan wà: okùn ẹran funfun, tó wú, tó ń ti ara rẹ̀ wọ abẹ́ dígí ojú. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń bi àwòrán kò ju ọ̀kan lọ: ṣé aṣọ ló nípọn ni, àbí ẹrù?

Ẹ̀kẹta wà tí kò wọ́pọ̀. Tí awọ òkè bá dáa, tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn, tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí okùn kankan, tí ojú sì ní àbààwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò dunni, dókítà á ronú nípa jẹjẹrẹ ti ẹ̀jẹ̀ funfun (lymphoma). Ìyẹn ń béèrè kí wọ́n yẹ gbogbo ara wò.

Ṣé àwòrán lè ṣìnà?

Ẹni tó ń yà á lè ṣìnà. Èmi náà ṣe é rí.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ọkùnrin kan wá, ọjọ́ ti ń lọ, iná mànàmáná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń kánjú. Mo na ìlà ẹ̀rọ sí àárín kókó náà, mo yà á, mo rí i pé ó nípọn, mo gbé e fún dókítà. Ó wò ó. Ó ní, "Etí rẹ̀ dà?" Mi ò ya etí. Àárín nìkan ni mo yà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, etí yẹn ni ìdájọ́ wà, níbi tí ara tó dáa ti pàdé èyí tí kò dáa. A ní láti pe ọkùnrin yẹn padà láti Pọ̀bẹ̀. Ó wá, kò sì bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, ìlà mẹ́rin ni mo máa ń nà lórí kókó kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì kọjá etí méjèèjì.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí nǹkan funfun líle bá lé kókó lórí, ìmọ́lẹ̀ ò ní ríbi gbà, òjìji lásán la máa rí nísàlẹ̀. Bákan náà ni kókó tó dúdú gan-an, àti èyí tó bá nípọn jù. Ojú tó ti ní àpá láti ìgbà iṣẹ́ abẹ àtijọ́ náà máa ń da àwòrán rú. Níbẹ̀, labo ló máa sọ òtítọ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń ní ayé ti kúrò ní gígé ẹran fún labo. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tí wọ́n gé, tí wọ́n fi maikirosikópù wò, òun ló ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Wọ́n kọ UBM sínú ọ̀dónáǹsì mi, wọ́n ní ekógíráfì ni. Ṣé irú ti aboyún?

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ohùn ni méjèèjì ń lò, ohùn tí etí kì í gbọ́. Ti aboyún máa ń gbọ̀n bíi mílíọ̀nù mẹ́ta sí márùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí kó lè dé inú ikùn. UBM ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 35 sí 50. Bó bá ṣe ń gbọ̀n tó, ni àwòrán rẹ̀ ń mọ́ tó, ṣùgbọ́n kò ní lọ jìnnà: mílímítà 4 tàbí 5 péré ló ń wọ̀. Fún iwájú ojú, ìyẹn ti tó. Charles Pavlin àti Stuart Foster ló mú un jáde ní Toronto, ní Kánádà, ní nǹkan bí 1990.

Ìdí tí dókítà fi kọ ọ́ dípò OCT ni pé àwọ̀ dúdú ojú wa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. OCT á dé ara dúdú ojú, á dúró. Ohùn ò mọ dúdú, kò mọ funfun, ó ń kọjá. Nítorí náà, gbogbo kókó tó bá wà lẹ́yìn dúdú ojú, tàbí tí a ń fura pé ó ti inú òrùka ẹ̀yìn yẹn jáde, UBM ló ni ín. OCT rí fínnífínní jù ú lọ, òun sì rí jìnnà ju OCT lọ. Mi ò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń béèrè èyí tó dáa jù nínú wọn. Ṣé ẹ máa ń béèrè bóyá ṣíbí dáa ju ọ̀bẹ lọ?

Ṣé ó máa dùn mí?

OCT kò ní fọwọ́ kàn yín. Ẹ jókòó, ẹ wo iná, ó tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

UBM yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ máa dùbúlẹ̀, wọ́n á kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọ́n á fi ife kékeré kan tó ní omi tàbí jẹ́ẹ̀lì sáàárín ìpéǹpéjú yín, wọ́n á wá gbé ẹnu ẹ̀rọ lé e. Kò dunni, ṣùgbọ́n ó tutù, ó sì máa ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹni tó ní ọgbẹ́ lójú, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí oògùn náà bá ṣì wà lójú yín, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì gun zẹ́mìjàn nínú eruku láìwọ awò.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní confocal, tó ń rí hóró ara kọ̀ọ̀kan. Òun náà ń kan ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kán oògùn sí i, ibi tó sì ń rí lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdajì mílímítà. Ẹ ò ní sábà pàdé rẹ̀.

Mo lóyún. Ṣé kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan?

Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe ràdíò, ìyẹn X-ray. Ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ni. Tí wọ́n bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ àwọ̀ yẹ́lò láti fi wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú, ìyẹn ni kí ẹ ti sọ pé ẹ lóyún.

Ojú ló ń dùn mí, kí ló kan àyẹ̀wò sídà (HIV)?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń rí lára. Bàbá kan dìde kúrò lórí àga nígbà tí dókítà sọ ọ́, ó ní òun kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀sùn kàn yín. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, jẹjẹrẹ awọ ojú máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ tó ní kòkòrò sídà lára, ní ọmọ 30 ọdún, 40 ọdún, nígbà tó jẹ́ pé ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó arúgbó ló sábà ń ní in. Kòkòrò náà ń sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára, oòrùn sì ń ba awọ ojú jẹ́, kò wá sí ẹni tó máa lé jẹjẹrẹ padà. Kòkòrò HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wà nínú àwọn tí wọ́n ń fura sí pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, kókó ojú yìí ni àmì àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa rí pé òun ní kòkòrò sídà lára. Ẹni tó bá mọ̀ nígbà yẹn á tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún ni lórílẹ̀-èdè Benin. Bàbá yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ṣe àyẹ̀wò náà. Ohun tó jáde, òun ló ni ín.

Funfun ojú mi ní dúdú-dúdú, ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré. Àwọn ará ilé ní kí n wá yà á.

Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wà ní ojú méjèèjì, tó yí etí dúdú ojú ká bí òrùka búráùn, àwọ̀ ara yín ni. Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ní in púpọ̀, ó sì máa ń hàn sí i bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Kì í ṣe àìsàn.

Èyí tó yẹ ká yà ni èyí tó wà ní ojú kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ lágbà, tó ń fẹ̀, tó ń ga sókè, tàbí tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Àmì dúdú abínibí máa ń ní àpò omi kéékèèké nínú, OCT sì ń fi wọ́n hàn bí ihò dúdú wínníwínní. Inú dókítà máa ń dùn bó bá rí àwọn ihò yẹn, nítorí ohun tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kò léwu ló sábà ń ní wọn.

Nǹkan bí kókó kékeré wà lára dúdú ojú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlójú.

UBM. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni àpò omi lásán. Nínú àwòrán, àpò omi máa ń ní ògiri fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ á sì dúdú bí kànga lóru. Kókó gidi kò sábà ní ihò nínú. Ẹran á kún un. Tó bá jẹ́ ẹran, dókítà á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọ òrùka ẹ̀yìn, bóyá ó ti ń ti dígí inú ojú sí ẹ̀gbẹ́. Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lórí funfun ojú ní apá yẹn, tí kò sì lọ bó ti wù kí ẹ kán oògùn tó, ẹ sọ fún un.

Ọmọlójú ọmọ mi ń dán funfun bí ti ológbò lóru.

Ẹ má dúró de àwòrán tiwa. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ojú lónìí. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú ọmọdé: ẹ̀yìn ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń yára, ó sì ń pa ọmọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yè.

Mo ti ń fi ewé kán an. Ṣé kí n dúró kí ó tán ná?

Ẹ dá a dúró. Mi ò ní bú ewé, ìyá tó bí mi lọ́mọ mọ ewé tó ń wo ibà. Ojú ni mo ń sọ. Omi ewé, ìtọ̀, omi ọmú, oyin tí a kò mọ ibi tó ti wá: gbogbo wọn ń mú kí awọ ojú wú, kí ó pọ́n, awọ tó wú a sì nípọn nínú àwòrán. Ẹ̀yin àti èmi ò ní mọ bóyá jẹjẹrẹ ló nípọn ni àbí ewé. Bí ẹ bá ti kán nǹkan, ẹ sọ ọ́ láìtijú, ká lè fún yín ní ọjọ́ mìíràn.

Ṣé mo lè fi fóònù ya ojú mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp?

Ẹ lè yà á, kò sì ní sọ ohun tó jẹ́. Ohun tó wúlò fún ni ìrántí. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní òwúrọ̀, ẹ má tan iná fóònù, kí ẹlòmíràn bá yín yà á, kí ẹ wo òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù ní ibì kan náà. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àjàrá fi fọ́tò mẹ́ta hàn mí, ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ àti ti ọdún Iléyá, nínú èyí tí kókó náà ń tóbi lójú ara wa. Kò yà wọ́n nítorí ojú, nítorí ọ̀ṣọ́ ni. Fọ́tò ìgbéyàwó yẹn wúlò fún dókítà ju gbogbo ohun tí a ti béèrè lọ.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ojú ti mọ́. Kí ló dé tí wọ́n tún ní kí n wá yàwòrán?

Nítorí ojú tó mọ́ lè má tíì mọ́ nínú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé òkè á funfun, á dán, síbẹ̀ tí OCT bá kọjá níbẹ̀, awọ á ṣì nípọn ní igun kan, á sì funfun. Bí wọ́n bá dá oògùn kíkán dúró níbẹ̀, ó máa padà. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán kí wọ́n tó ní kí ẹ dáwọ́ oògùn dúró.

Jẹjẹrẹ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń padà wá. Àwọn oníwádìí ní Kẹ́ńyà gbé ìwádìí kan jáde ní 2016: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn 5-FU láti máa kán lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fún àwọn kan ní omi tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tó di ọdún kan, nínú àwọn 47 tó kán oògùn, ó padà sójú ènìyàn 5. Nínú àwọn 47 yòókù, ó padà sójú ènìyàn 17. Oògùn olówó gọbọi kọ́ ni 5-FU, ìyẹn ló ń mú inú mi dùn sí ìwádìí yẹn. Àmọ́ ó ń ta lójú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ.

Ohun kan sì tún wà. Bí wọ́n bá gé ẹran kúrò lójú yín níbikíbi, ẹran ojú lásán ni wọ́n ì báà pè é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pépà kékeré kó má bàa ká jọ, kí wọ́n fi sínú fọ́mọ́lì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kó lọ sí labo.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, èló sì ni?

Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an: OCT ti iwájú ojú. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní OCT ti ẹ̀yìn ojú, tí kò ní gíláàsì tí wọ́n ń fi sí i fún ti iwájú. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń lò ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Àwọn kan láti ọ̀dọ̀ wa ń lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu, kìlómítà bí 30 sí Àjàṣẹ́. Àwọn mìíràn á gba Ìgólò sọdá lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Fún ará Ṣábẹ, ìrìn náà ju 200 kìlómítà lọ, kò sì yẹ kó jẹ́ lásán. Owó ibì kan kì í ṣe ti ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín ní kẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń gba owó, kí wọ́n tó yà á.

Kí ni kí n mú wá lọ́jọ́ náà?

Ọ̀dónáǹsì. Gbogbo ìgò oògùn ojú tí ẹ ń lò, kódà èyí tó ti tán. Ìwé labo àtijọ́. Àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ojú yín hàn nínú rẹ̀. Ẹ má kun tìróò lọ́jọ́ náà, ó máa ń wọnú àwòrán bí òjìji. Mo ti fi òwú nu tìróò lójú ìyàwó ilé kan fún ìdajì wákàtí rí, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ènìyàn mọ́kànlá ló ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.